Mech tí ìdí rẹ̀ ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke ni mò ń gbé, níbí ní Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ra vape oníbàbà kan, sìgá oníná tó ń sọ omi di èéfín, bọ̀ láti Èkó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mech, tí kò ní ojú tó ń tàn, tí kò ní nǹkan kan ju bọ́tìnì tó wà nídìí rẹ̀ lọ. Sìgá ni mò ń mu tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ jáwọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún rèé tí mo ti ń lò ó. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn, èéfín rẹ̀ ki dáadáa. Ṣùgbọ́n ní báyìí èéfín ti fẹ́lẹ́, kódà bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì kúrò lórí ṣájà, ìdí rẹ̀ a sì máa gbóná débi pé mo ní láti gbé e kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ni mo ti ra bátìrì méjì tí mò ń lò. Wọ́n ní 0.15 ohm ni kọ́ìlì tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbóná. Ṣé ẹ̀rọ yìí dára ni, àbí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀fà náà ní kí n bá òun ra irú rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, o káre tí o béèrè. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí pé ó dára tàbí kò dára, ṣí ìdí rẹ̀ báyìí, yọ bátìrì yẹn jáde, kí o gbé e sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níbi tí kò sí aṣọ tàbí ìwé nítòsí. Bọ́tìnì tó gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á kì í ṣe àléébù tí èèyàn ń mú mọ́ra. Bátìrì ni iṣẹ́ mi, ti ìnfátà, ti tọ́ọ̀ṣì, ti láptọ́ọ̀pù, mo sì ti rí i lójú ara mi pé ooru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fi ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe ibi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa mech ni pé kò sí ọpọlọ kankan nínú rẹ̀. Vape tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ní pátákó kékeré kan nínú, tó ń wọn agbára bátìrì, tó ń ka ohm kọ́ìlì, ìyẹn bí wáyà rẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó, tó sì ń pa ara rẹ̀ bí nǹkan bá bíríìjì tàbí bí bátìrì bá ti fẹ́ tán. Tìrẹ kò ní ìyẹn. Ọ̀pá bàbà kan ni, bátìrì kan, bọ́tìnì kan, àti orí tí kọ́ìlì jókòó sí. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnì, iná á kúrò lórí bátìrì, á gba inú kọ́ìlì kọjá, á sì gba ara bàbà padà sídìí. Kò sí fíúsì lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó tó. Ohun tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: kò ní pátákó tí omi lè bà jẹ́, èèyàn lè tú gbogbo rẹ̀ fọ̀, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí pátákó yẹn ìbá ṣe, ọrùn ẹni tó ń lò ó ló bọ́ sí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi kíki èéfín dá mech lẹ́jọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èéfín kíki kò ṣòro. Bátìrì tó ń kú lọ pàápàá lè yọ èéfín tó bo yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ooru ni kí o fi dá a lẹ́jọ́: ibo ló ti ń gbóná, lẹ́yìn tí o tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà wo, ṣé ó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́? Ìwọ ti rí ìdáhùn sí méjì nínú wọn láìmọ̀, o sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù irú tìrẹ, bó bá kún, fóltì 4.2 ló máa ń jẹ́. Fi ohm kọ́ìlì rẹ pín in: 4.2 ní ọ̀nà 0.15, amp 28 nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Sọ 28 di púpọ̀ pẹ̀lú 4.2, ó lé ní wáàtì 117. Bátìrì tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ yóò dín in kù, ṣùgbọ́n kò ní dín in kù púpọ̀. AC 1.5 hp tó wà nínú ilé kì í sábà fa ju amp 5 tàbí 6 lọ lára iná NEPA. Iye amp ló sì ń mú wáyà àti ojú ìfarakanra gbóná, kì í ṣe fóltì. Ìlọ́po bíi márùn-ún ohun tí AC ń fà ni o ń fà jáde nínú bátìrì tó fẹ̀ ní mílímítà 18, tó gùn ní mílímítà 65. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, 18650, inú ìwọ̀n yẹn ló ti wá.

Ó wá kan bátìrì fúnra rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó ń tún un ṣe á fọ́ ike rẹ̀, wọ́n á sì rí bátìrì roboto bíi mẹ́fà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi mítà wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n á tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe tọ́ọ̀ṣì, fáànù kékeré tàbí power bank. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bá wọn wí sí i. Èmi náà ń rà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ tí wọ́n fi bátìrì yẹn ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 40, tí bátìrì mẹ́fà pín rù, kò bu wáàtì 7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò tó amp 2. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun pàápàá, ọ̀pọ̀ bátìrì láptọ́ọ̀pù kò gbà ju amp 5 sí 10 lọ. Ó ti wá dàgbà, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú páálí láìní iná lára fún oṣù mélòó kan, ìwọ wá ń bèèrè amp 28 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè fún ọ láìjìyà. Ìyà yẹn ni èéfín tó fẹ́lẹ́, àti apá kan nínú ooru yẹn.

Àwọn bátìrì wà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. mAh ni iye iná tí bátìrì lè gbé pamọ́, amp sì ni èyí tó lè máa fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà láìjìyà. Samsung 25R: mAh 2500, amp 20. LG HG2: mAh 3000, amp 20. VTC5A, tí Sony ṣe kó tó di pé Murata gba iṣẹ́ bátìrì lọ́wọ́ rẹ̀: mAh 2600, amp 25. Wo nǹkan kan níbẹ̀: nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, tí gbogbo wọn jẹ́ bátìrì ọlọ́lá, kò sí ọ̀kan tó dé 28 tí kọ́ìlì rẹ ń bèèrè. Nítorí náà bí o tilẹ̀ ra bátìrì tó dára jù lọ́la, kọ́ìlì 0.15 yẹn gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Lo 0.3 ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 0.3, amp 14 ni, wáàtì sì ń lọ sí 59. Bátìrì amp 20 lè gbé ìyẹn kó sì tún ní ìsinmi lọ́wọ́. Ẹni tó ń jáwọ́ nínú sìgá kò nílò jù bẹ́ẹ̀.

Bí o bá ń lọ ra bátìrì, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bátìrì 18650 tí wọ́n bá kọ mAh 9900 sí lára, irú èyí tó kún inú tọ́ọ̀ṣì ọjà wa, irọ́ gbuu ni: èyí tó gba agbára jù lọ ní ìwọ̀n yẹn kò kọjá nǹkan bíi mAh 4000. Ẹni tó bá purọ́ mAh yóò purọ́ amp pẹ̀lú. Gbé e sórí ìwọ̀n bí o bá rí ìwọ̀n kékeré; bátìrì gidi máa ń tó gíráàmù 45 tàbí kó lé díẹ̀, ayédèrú sì máa ń fúyẹ́. Kí o gbà á sílé, kí o gbà á láyè láti kún, kí o yọ ọ́, kí ilẹ̀ mọ́, kí o tó fi mítà wọn fóltì rẹ̀. Èyí tó bá ṣì wà ní 4.1 sókè lára dá. Èyí tó bá ti já sí 4.0 tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan ń jò nínú. Èyí tí o bá sì bá ní ìsàlẹ̀ fóltì 2 lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, má ṣe jẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí ọ pé òun yóò jí i dìde. Bàbà inú bátìrì tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ ti lè yọ́ sínú omi rẹ̀, ibi tó bá sì tún gbé dì nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀ lè bíríìjì láti inú.

Wàyí o, ooru. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà yọ lára mech, ibi tó bá sì ti yọ ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí, níbi tí kọ́ìlì wà, má fòyà. Kọ́ìlì ni iná ń yọ́ omi vape sí, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Bó bá gbóná jù, sinmi díẹ̀ kí o tó tún tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ àárín ọ̀pá, bátìrì ló ń ké. Bátìrì tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Èyí tí o bá lè mọ ooru rẹ̀ láti ìta bàbà, o ti ń fà á kọjá agbára rẹ̀, tàbí ó ti gbó. Má dúró wádìí. Yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ ìdí, bíi tìrẹ, ojú ìfarakanra ni. Ibí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ dára lóòótọ́. Tú bọ́tìnì náà sílẹ̀ sórí aṣọ funfun kan, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wàá rí orí bọ́tìnì, òrùka ike tàbí náílọ́ọ̀nù kan tí kò jẹ́ kí bọ́tìnì fara kan ọ̀pá, ìṣó kékeré tó ń lọ kan ìdí bátìrì, àti sípíríngì. Àwọn mìíràn máa ń lo òòfà méjì tó ń ta kora dípò sípíríngì. Gbé sípíríngì sókè wò. Bó bá ti tẹ̀, tí àwọn òrùka rẹ̀ ti ń fara kan ara wọn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti di bíi oyin tàbí bíi aró, o ti rí ọ̀daràn rẹ. Irin tó bá ti di àwọ̀ aró ti gbóná kọjá 250°C. Sípíríngì tó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ ti pàdánù agbára rẹ̀, kò lè ti bọ́tìnì padà dáadáa mọ́, ọjọ́ kan á sì wà tí wàá jáwọ́, tí bọ́tìnì kò ní jáwọ́. Bó bá jẹ́ òòfà ló wà níbẹ̀, òòfà alágbára tí wọ́n sábà ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀ bí ooru bá kọjá 80°C. Ìdí tó ń jó ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ karùn-ún kò jìnnà síbẹ̀ láti inú.

Kí ló dé tí iná fi ń gba inú sípíríngì? Kò yẹ kó gba ibẹ̀. Nínú bọ́tìnì tí wọ́n ṣe dáadáa, ojú bàbà ló ń kan ojú bàbà, sípíríngì kàn ń ta bọ́tìnì padà ni. Fàdákà ló ń gbé iná jù lọ nínú gbogbo irin, bàbà sì tẹ̀ lé e gbọ́ọ́rọ́. Idẹ kò gbé ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí bàbà ń gbé. Irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n sábà fi ń ṣe sípíríngì, kò dé ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Nítorí náà, nígbà tí ojú bàbà bá dọ̀tí, iná á wá ọ̀nà mìíràn, sípíríngì ló sì wà nítòsí. Wo orí ìṣó yẹn dáadáa: bí o bá rí àmì dúdú tótòtó, ibi tí iná ti ń ta pàrà nìyẹn. Bí bàbà náà bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ ṣíṣú, tàbí tí ó ń mú àwọ̀ ewé jáde, ìpẹtà ni. Òógùn ọwọ́ wa àti omi vape tó ń jò sísàlẹ̀ ń yára fà á.

Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fọ bàbà nílé wa ṣì ni mo fọwọ́ sí jù: ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ojú ìfarakanra àti àwọn ojú ìdè tó ń yípo, fi omi ṣan án dáadáa, kí o nù ún, kí o sì jẹ́ kó gbẹ títí kí bátìrì tó wọlé. Àmì dúdú tí kò bá lọ, fi rọ́bà ìparẹ́ fá a. Má fi sánpépà kàn án bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi fàdákà tàbí góòlù bò ó. Wàá ha ìbòrí rẹ̀ dànù, á sì máa yára pẹtà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eruku ọyẹ́ ìlú wa kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí o: láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ohun tó yẹ kí o fi aṣọ nù lọ́sẹ̀ méjìméjì, àfàìmọ̀ kí o máa nù ún lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn tí o bá ti fọ̀ ọ́ tán, tí o ti fi sípíríngì tuntun àti bátìrì gidi sí i, wá ẹni tó ní mítà. Kí ó fi ẹnu mítà méjèèjì kan òpó méjì tí kọ́ìlì dè mọ́, kí ìwọ tẹ bọ́tìnì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bátìrì tó kún, kọ́ìlì 0.3 ohm: bó bá fi fóltì 3.8 hàn, inú mi dùn sí i, torí bátìrì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3.4 lo rí, nǹkan bíi fóltì 0.4 ti sọnù láàárín bátìrì àti kọ́ìlì. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú amp 11, ó lé ní wáàtì 4, tí gbogbo rẹ̀ ń di ooru nínú bọ́tìnì tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, kí o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tó dára, nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí padà bí o bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ayédèrú bàbà ṣe, tí inú rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí irin tí wọ́n kàn kùn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ohun tó lè dáhùn ìbéèrè rẹ pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ tàbí wọn kò rẹ́ ọ jẹ nìyẹn, ju ohunkóhun tí ẹni tó tà á lè sọ lọ.

Kí n yára fi èyí kún un kí o má baà dá ẹ̀rọ lẹ́bi ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀: èéfín mech gbọ́dọ̀ máa dín kù bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀. Bátìrì tó ti já láti 4.2 sí 3.6, agbára rẹ̀ lórí kọ́ìlì ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ṣe pé ọ̀sán ni èéfín rẹ ń fẹ́lẹ́, tí òwúrọ̀ rẹ̀ sì dára, mi ò bá ní kí o lọ sùn. Àmọ́ o ní bó ṣe ń kúrò lórí ṣájà ló ti fẹ́lẹ́. Ìyẹn yàtọ̀. Nígbà tó bá sì ti dé 3.5 tàbí 3.6, pààrọ̀ bátìrì. Kò sí pátákó tí yóò dá ọ dúró, bí o bá sì ń fà á gbẹ kọjá ibẹ̀, ìwọ lò ń pa á.

Ohun méjì kù tí mi ò ní gbà kí o lo ẹ̀rọ yẹn láìwò, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ dára.

Àkọ́kọ́, orí rẹ̀. Àwọn mech kan ní ìṣó tiwọn láàárín bátìrì àti orí. Àwọn mìíràn kò ní, ìṣó àárín orí ni yóò gba inú ihò sọ̀kalẹ̀ lọ kan bátìrì tààrà. Yí orí rẹ̀ kúrò, kí o wo ìdí orí náà ní ẹ̀gbẹ́. Ìṣó àárín gbọ́dọ̀ yọ síta kọjá irin oníyípo tó yí i ká, kí ojú rí i kedere. Bó bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, irin oníyípo yẹn yóò kan orí bátìrì, ọ̀nà ìwọlé àti ọ̀nà ìjáde iná yóò di ọ̀kan, bíríìjì nìyẹn, nínú ọ̀pá irin tó wà lẹ́nu rẹ. Wo ẹ̀wù bátìrì náà pẹ̀lú, àti òrùka funfun kékeré tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀wù tó ya bíi ìbú èékánná tó láti jẹ́ kí ara bátìrì kan ara ọ̀pá, kí iná máa lọ láìtẹ bọ́tìnì, torí gbogbo ara bátìrì, àfi orí rẹ̀ nìkan, ọ̀nà tí iná ń gbà padà ni. Ẹ̀wù tuntun wà ní ọjà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó tà ọ́ ní bátìrì yóò bá ọ wọ̀ ọ́.

Èkejì, ihò atẹ́gùn. Ó gbọ́dọ̀ ní ihò lára ọ̀pá tàbí nídìí, tí gáàsì lè gbà jáde bí bátìrì bá tú. Bí kò bá sí, ọ̀pá bàbà tó dí pa pẹ̀lú bátìrì tó ń jóná nínú rẹ̀ yóò ṣe ohun tí ìbọn ń ṣe. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkùnrin kan kú ní St. Petersburg ní ìpínlẹ̀ Florida. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òmíràn kú ní Fort Worth ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́yìn tí vape bú gbàmù lójú wọn. Irú mech tí o ń lò yìí ni ìròyìn méjèèjì sọ pé ó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni ọdún 38 ni ti àkọ́kọ́, ẹni ọdún 24 sì ni èkejì. Bí o bá wò ó tí kò ní ihò, tàbí tí ihò rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè nípa fífọ̀ àti sípíríngì kò kàn ọ́ mọ́. Má lò ó.

Nípa omi vape, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ po nǹkan olóròóró mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, èèyàn 2,807 ni wọ́n kó lọ sílé ìwòsàn tàbí tó kú lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí vape fà, 68 nínú wọn ló sì kú. Òróró fítámì E tí wọ́n fi po omi igbó ni wọ́n dì mọ́ ọn jù lọ. Nikotíìnì tó wà nínú tìrẹ sì ń mú ènìyàn lẹ́rú bí sìgá ti ń ṣe, nítorí náà bí ọ̀nà láti jáwọ́ lo bá fi ṣe, máa dín in kù bí oṣù ti ń lọ. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìlọrin tí a wà yìí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bátìrì lítíọ́mù kò gbọ́dọ̀ wà lórí ṣájà bí ibi tó wà bá gbóná kọjá 45°C. Yàrá tí páànù rẹ̀ ń jó ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí fáànù kò ṣiṣẹ́ torí kò sí iná, lè sún mọ́ ibẹ̀. Òru tàbí àárọ̀ ni kí o máa ṣáájì rẹ̀, lójú rẹ, lórí ṣájà bátìrì tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ bó bá kún. Má fi sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Bí o bá ń gun ọ̀kadà láti Tanke wọ inú Unilorin, má fi í sínú àpò ṣòkòtò pẹ̀lú bátìrì nínú rẹ̀. Bí o bá jókòó lé e, bọ́tìnì ti tẹ ara rẹ̀ nìyẹn, o kò sì ní mọ̀ títí ara rẹ yóò fi sọ fún ọ. Yí òrùka ìdíwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ bó bá ní. Bí kò bá ní, yọ bátìrì. Bátìrì kejì náà kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ. Ike tí wọ́n ń kó bátìrì sí wà, rà á.

Tìrẹ, nígbà náà: láti inú ohun tí o kọ, mi ò rò pé ọ̀pá náà ni àléébù. Kọ́ìlì tí wọ́n fi sí i ń bèèrè ju agbára bátìrì lọ, bátìrì kò yẹ fún iṣẹ́ náà rárá, ooru tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ sì ti ba bọ́tìnì jẹ́. Bí ihò atẹ́gùn bá wà, tí ìṣó orí rẹ̀ sì yọ dáadáa, ọ̀pá yẹn ṣeé gbà là pẹ̀lú sípíríngì tuntun, bátìrì gidi àti kọ́ìlì 0.3. Bí owó bátìrì gidi kò bá tíì sí lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀ di ìgbà tó bá wà. Má fi bátìrì láptọ́ọ̀pù rọ́pò fún ọjọ́ kan péré.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ọ̀fà, má bá wọn ra mech. Bá wọn ra èyí tó ní pátákó nínú, tó lè pa ara rẹ̀. Ohun tí ìwọ ní sùúrù láti máa tú, kí o máa wọ̀n, kí o sì máa fọ̀, àwọn lè má ráyè rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò sì mọ ẹni tó ráyè yàtọ̀ sí ẹni tí kò ráyè.

Bátìrì méjì tí o ti lò yẹn, má dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n kó má lọ tà wọ́n fún ẹlòmíràn. O ti fa ẹ̀mí wọn kọjá ibi tó yẹ. Fi séláténpù bo orí àti ìdí wọn, kó wọn sínú agolo tí iyanrìn wà, kí o sì gbé wọn lọ fún àwọn tó ń ra bátìrì ìnfátà tó ti bà jẹ́. Má jù wọ́n sí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Bí sípíríngì bá ti wọlé tí o sì ti rí mítà, kọ nọ́ńbà tó fi hàn lórí òpó ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán ìdí orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí n bá ọ wò ó kí o tó tún gbé e sẹ́nu.